Àìsí ilé ìwòsàn kì í ṣe àìsàn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń wá ìṣòro ìlera àdúgbò

Bí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù bá jókòó, tí wọ́n ní kí kálukú sọ ìṣòro ìlera tó ń bá àdúgbò fínra, ohun tí etí á kọ́kọ́ gbọ́ ni "A ò ní ọsibítù." Ẹlòmíì á ní kànga ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹlòmíì á ní nọ́ọ̀sì ò tó. Akọ̀wé á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìpàdé á tú ká. Mo ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, kò sí orúkọ àìsàn kan, kò sí iye èèyàn, kò sí àdúgbò tó ti ń ṣe wọ́n.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: ká fi ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba rọ́pò ohun tó ń ṣe wá. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń pa ọmọdé, kànga lè ràn wá lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ya lára àwọn tó ń bímọ tí wọ́n fi ń kú kí wọ́n tó dé ìlú, kànga mẹ́wàá ò lè gbà wọ́n là. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́sàn-án tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ti ya ìgbẹ́ gbuuru nísàlẹ̀ ìlú, lókè, ẹyọ kan péré." Ẹni tó bá gbọ́ èyí ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ gbà lọ.

Ẹ má fi ìwé rẹ́jísítà ilé ìwòsàn nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó lọ bá alágbo kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ra oògùn ní kẹ́mísìtì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bímọ lọ́dọ̀ ìyá àbíyè tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sọbìà ló kọ́ wa ní èyí. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàràpá ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò ní béèrè ohun tí sọbìà jẹ́. Ẹsẹ̀ á wú, á lé ròrò, aràn funfun tó gùn bí okùn á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko á wà lórí ẹní fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí kò sí oògùn tó ń wò ó, àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ara iṣan ènìyàn ni. Nígbà tí Nàìjíríà wá a kiri láti abúlé dé abúlé, tí ìròyìn dé ní 1988, àwọn tí wọ́n rí lé ní 650,000.

Kíkà yẹn ló ṣí ojú wa. Ẹni tó ní egbò á wọ inú adágún omi, ọmọ aràn á bọ́ sínú omi, kòkòrò kéékèèké á gbé e mì, ẹni tó bá mu omi náà láìsẹ́ á rí aràn lára rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan. Torí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: adágún wo? Abúlé wo? Ta ló yọ sọbìà lóṣù yìí? Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń kà á lóṣooṣù. Wọ́n pín aṣọ asẹ́, wọ́n da oògùn sínú adágún, wọ́n ní kí ẹni tó ní egbò má wọ inú omi. Ní 2008 ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Kí sọbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí, ni àwọn àgbà wí. Wọn ò kọ́ ọsibítù sí gbogbo abúlé kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ "ibà" náà ń tàn wá jẹ. Mo ti ṣí rẹ́jísítà kan rí tó jẹ́ pé ibà, ibà, ibà ló wà lójú ewé méjì. Níbi àdírẹ́sì, orúkọ ìlú nìkan, kò sí agboolé. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà yàtọ̀ sí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà Lassa tí eku ń gbé kiri sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá lágbègbè Ọ̀wọ̀, àìmọ ìyàtọ̀ yìí lè pa aláìsàn, kó sì pa nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ò lè dá èkúté dúró lórí gàrí tí wọ́n sá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí ìka kí wọ́n tó kọ "ibà" sílẹ̀.

Ẹ má ṣe ẹ̀dà iye tí wọ́n kọ fún ìpínlẹ̀ kí ẹ wá pè é ní ti wọ́ọ̀dù yín. Ẹ má sì kọ "ìwà ọ̀bùn" sílẹ̀ bí ìṣòro. Ẹni tí ẹ bá pè ní ọ̀bùn ò tún ní sọ òótọ́ fún yín mọ́.

Ẹ má bi baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè nìkan. Ẹ bi ìyá àbíyè, ẹ bi olùkọ́ tó mọ ọmọ tí kì í wá síléèwé, ẹ bi ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú. Ẹ má sì pe ìpàdé lọ́jọ́ ọjà, torí àwọn obìnrin ò ní lè wá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sétí àwọn tó ni ín. Nígbà kan, a kọ ọ́ pé omi odò ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Bí a ṣe kà á tán, ìyá ẹlẹ́kọ kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tèmi kì í dé odò. Kànga iwájú iléèwé ni wọ́n ń mu, kò sì lọ́mọrí." A lọ wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Okùn ìfami wà nílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́ yí i ká, ọmọ kan sì ń fà á bọ̀ láti tún ju korobá sínú omi. A fa ohun tí a kọ́kọ́ kọ rẹ́, a sì kọ òmíràn.