Ẹ gbàyè lọ́wọ́ kánsù kẹ́ ẹ tó sọ warehouse di ṣọ́ọ̀ṣì ní England

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu líìsì yẹn, ẹ ka èyí ná. Ẹni tó bá mọ Old Kent Road ní London mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa kún inú warehouse, ìyẹn ibi ìkẹ́rùsí, àti òkè ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, kódà ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní Southwark nìkan, ìyẹn agbègbè kánsù tí Old Kent Road wà. Ó máa ń wú mi lórí, torí ìdámẹ́wàá àti ọrẹ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ni wọ́n fi ń gbé e ró. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí gan-an tí ìjọ bá ti san rẹ́ǹtì, tí wọ́n ti kun ilé, tí wọ́n ti ra àga tán, kí lẹ́tà kánsù wá wọlé pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìjọsìn.

Ohun tó fà á ni pé ní England, òfin ò wo bí wọ́n ṣe kọ́ ilé nìkan, ó ń wo ohun tí wọ́n ń fi ilé ọ̀hún ṣe náà. Ibi ìkẹ́rùsí wà ní ìsọ̀rí B8, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì wà ní E, ibi ìjọsìn wà ní F1. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní B8 bọ́ sí F1, ẹ ti yí ìlò ilé padà nìyẹn, bẹ́ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan, ẹ gbọ́dọ̀ gba planning permission, ìyẹn àṣẹ kánsù lórí ìlò ilé. Pé láńdílọ́ọ̀dù ní òun gbà kò tó o, àṣẹ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti kánsù, àwọn tó ń yẹ ọ̀nà àbáyọ wò nítorí iná náà tún yàtọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni wẹ́bsáìtì kánsù àdúgbò yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ń kó ìwé planning sí, ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé náà, ẹ máa rí ohun tí àwọn kan ti bèèrè níbẹ̀ ṣáájú yín àti èsì tí wọ́n gbà. Tí wọ́n bá ti kọ̀ fún ìjọ mìíràn, ẹ ka ròyìn ọ́físà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo Local Plan wọn, ìyẹn ìwé ètò tí kánsù fi sọ ohun tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún, torí tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ya àdúgbò yẹn sọ́tọ̀ fún, òun ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ìbéèrè ṣọ́ọ̀ṣì, kánsù kì í fẹ́ kí ibi tí èèyàn ti ń rí iṣẹ́ ṣe dín kù. Ẹ lè sanwó fún pre-application, ìyẹn ìmọ̀ràn kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè, kí ọ́físà planning kánsù sọ ojú tí wọ́n fi wò ó, àmọ́ ohun tó bá sọ kò de kánsù. Líìsì ńkọ́? Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé líìsì ò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí planning bá bọ́ sí i, láńdílọ́ọ̀dù tí kò bá gbà ìyẹn rárá, ẹ wá ibòmíì.

Orí Planning Portal, wẹ́bsáìtì tí wọ́n ti ń béèrè planning, lẹ ti máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, pẹ̀lú máàpù tí wọ́n fi ìlà pupa yí ilé náà ká, àwòrán inú ilé, àti owó wọn. Ẹ kọ iye èèyàn tó ń wá, ọjọ́ tí wọ́n ń wá, aago tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ ń túká. Ẹ sọ òótọ́ nípa ìṣọ́ òru o! Àwọn ìjọ kan máa ń fi pamọ́ torí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á kọ̀, kánsù á wá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo ìṣọ́ òru tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ti di rírú òfin. Nípa ìlù àti spíkà, ẹ gba onímọ̀ ariwo kan tó máa fi ẹ̀rọ wọn bí ohùn yín ṣe ń dé ilé aládùúgbò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò. Kánsù á kọ lẹ́tà sí wọn tàbí kí wọ́n lẹ ìwé síbẹ̀, ọjọ́ 21 ni wọ́n máa ń fún èèyàn láti sọ tẹnu rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ̀wé. Ariwo, ọkọ̀ tó dí ojú títì, ewu fún ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn ni òfin ń gbọ́. Pé iye owó ilé òun máa wálẹ̀, tàbí pé òun ò fẹ́ràn ẹ̀sìn yẹn, ìyẹn ò wọ inú ìwọ̀n. Nítorí náà kò wúlò púpọ̀ kẹ́ ẹ kó ọgọ́rùn-ún ọmọ ìjọ tó ń gbé ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n da lẹ́tà kan náà kọ, lẹ́tà mélòó kan láti ọwọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí, lọ́rọ̀ ẹnu tiwọn, ló dáa jù. Ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò kí lẹ́tà kánsù tó dé ọwọ́ wọn, ẹ sọ ibi tí ọkọ̀ á máa dúró sí, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ẹnì kan tó máa gbé fóònù lọ́jọ́ Sunday. Ẹ lè ṣàlàyé fún kánsẹ́lọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ohunkóhun fún un, ì báà ṣe ìrẹsì ọdún, wàhálà ló máa dá sílẹ̀ fún un àti fún yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ kí èsì fi jáde, ọ́físà ló sì ń pinnu ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbéèrè. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní oṣù mẹ́fà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ sí Planning Inspectorate, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kì í gba owó fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jọ́sìn níbẹ̀ láìgbàyè, ẹ má sá pamọ́. Ẹ lè bèèrè báyìí náà, òfin fàyè gbà á. Tí Planning Contravention Notice bá dé, ìyẹn ìwé tí kánsù fi ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ 21 lẹ ní láti dáhùn, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kéèyàn má dáhùn, irọ́ pípa náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Enforcement notice, ìyẹn ìwé tó ń pàṣẹ pé kẹ́ ẹ dáwọ́ ìlò náà dúró, ló le jù: ó máa ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í dín ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Planning Inspectorate kí ọjọ́ yẹn tó pé, tó bá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, kóòtù lè bu owó ìtanràn tí kò ní òdiwọ̀n fún un. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣáà máa fara pamọ́ títí ọdún á fi pọ̀ tí kánsù ò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́, ọdún mẹ́wàá gbáko láìdáwọ́ dúró ni o, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ọdún yẹn lè máà gbà á. Ti ariwo, Environmental Health, ẹ̀ka ìlera àyíká kánsù, ni, ọ̀tọ̀ làwọn, wọ́n lágbára láti kó spíkà lọ.

Tí àṣẹ bá wá bọ́ sí i, ẹ tẹ ìwé náà jáde kẹ́ ẹ fún olórí akọrin àti àwọn aṣọ́nà, torí àwọn ni wọ́n máa tẹ̀ lé aago àti ariwo tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹnì kan sì kà á bóyá ìwé kankan ṣì wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí kánsù kẹ́ ẹ tó ṣe ìsìn àkọ́kọ́.