Bí mo ṣe ṣe kíláàsì Alámí fún D&D wa, lẹ́yìn tí owó mi ti lọ

Owó ló bí ọ̀rọ̀ yìí. D&D (Dungeons and Dragons) ni eré ìtàn àti dáìsì tí à ń ṣe yí tábìlì ká: oníkálukú ní akọni tirẹ̀, kíláàsì sì ni irú iṣẹ́ àti agbára tí akọni náà ní. Mo ra fáìlì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 5 ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì fi máa yọ tiwọn tán, ó ti lé ní náírà 8,000. Kíláàsì òjìji ni wọ́n ní ó jẹ́, ti akọni tó ń yọ́ rìn tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Ojú ìwé 12. Mẹ́fà nínú rẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan tó da aṣọ dúdú borí ni. Mẹ́fà tó kù, agbára mẹ́rin tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà: bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìwọ ti bọ́. Mo ṣì ń dárò owó yẹn. Ẹni tó bá mọ oúnjẹ sè yóò fi jẹun fún ọjọ́ mélòó kan ní Under G, àdúgbò kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò yẹ kí n san kọ́bọ̀ rárá. Ìwé òfin D&D tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ti wà lábẹ́ àṣẹ Creative Commons (tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó) láti oṣù kìíní ọdún 2023, Rogue, ìyẹn kíláàsì olè tó ń yọ́ rìn, sì wà nínú rẹ̀ láti ìpele 1 dé ìpele 20. Ẹni tó bá ti ní Rogue lọ́wọ́ ti ní ìdajì òjìji: dáìsì ẹ̀mí olójú 8 (òun la fi ń mọ bí ẹ̀mí akọni ṣe pọ̀ tó), Stealth (ìmọ̀ yíyọ́ rìn) tó mú dáadáa, àti Sneak Attack (ìkọlù àìròtẹ́lẹ̀) tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí dáìsì olójú 6 kan, tó ń di mẹ́wàá ní ìpele 19. Kí ni mo wá ń wá kiri?

Ohun tí yóò jọ tiwa ni mo ń wá. Àwa márùn-ún la máa ń ṣeré yìí ní alẹ́ Sátidé nínú yàrá mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni DM, ẹni tó ń darí eré. Ìtàn tí mo ń darí lọ́wọ́, mo fà á yọ lára ìtàn Ògúnlọlá, ọdẹ tó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó sì gbé orí rẹ̀ lọ bá Aláàfin, èyí tí ìlú wa fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Àbúrò mi fẹ́ ṣe amí tí yóò wọ àgọ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lóru. Mo ní kò burú. Mo sọ kíláàsì náà ní Alámí, mo sì fún un ní agbára méjì tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà: Àfẹ́ẹ̀rí, kí ojú má ri í, àti Egbé, kí ó kúrò níbi tó ṣókùnkùn kan kí ó sì yọ níbòmíràn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60. Ti àtẹ ìpele àti ohun ìjà, Rogue ni mo dà kọ, n kò ní í fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu.

Egbé kọ́kọ́ dójú tì mí díẹ̀. Ìpele 3 ni mo fi í sí. Àbúrò mi ti wà nínú àgọ́ nígbà tí àwọn tó kù ṣì ń bá oníbodè sọ̀rọ̀, fún nǹkan bíi wákàtí kan ni ẹni mẹ́ta fi ń wo ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣeré. Monk olójìji, kíláàsì mìíràn inú ìwé òfin ọdún 2014, kì í rí irú agbára yìí gbà títí ó fi dé ìpele 6. Mo gbé e lọ síbẹ̀, ìyẹn sì parí.

Àfẹ́ẹ̀rí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká.

Àbúrò mi sá sí igun kan tó ṣókùnkùn, ó ní òun ti sápamọ́. Àwọn goblin mẹ́fà ń bọ̀ (egbére là ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ẹní lọ́wọ́, wọn kì í sì í sunkún). Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó mọ òfin ju èmi tí mò ń darí lọ, ní, "Wọ́n rí i." Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá sí i o, inú òkùnkùn ni mo wà!" Ọ̀rẹ́ mi ní òkùnkùn ta ni?

Òun ló jàre, ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Nínú ẹ̀yà akọni 9 tó wà nínú ìwé ọdún 2014, 6 ló ní darkvision, ìyẹn agbára láti ríran nínú òkùnkùn, tí àwa ń pè ní ojú ológbò. Ènìyàn, Halfling (àwọn kúkúrú) àti Dragonborn (àwọn tó jọ dírágónì) nìkan ni kò ní in. Goblin ní in, orc ní in, egungun tó ń rìn àti òkú tó jí dìde ní in, ẹsẹ̀ bàtà 60. Lójú wọn, òkùnkùn biribiri dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Lóòótọ́, yóò ṣòro fún wọn díẹ̀: Perception (ìfura) egbére tó jẹ́ 9 yóò já sí 4. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ oòrùn lásán kò tó ohun tí ènìyàn lè sá sí. A jẹ́ pé kíláàsì òjìji tí mo sanwó fún àti èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ènìyàn bíi tiwa nìkan ni wọ́n lè yọ́ lọ bá.

Mo kọ́kọ́ gba ojú ológbò lọ́wọ́ àwọn egbére. Àwọn akọni mi tí wọ́n ní tiwọn wá ń pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Mo dá a padà.

Mo tún ní kí Àfẹ́ẹ̀rí máa bo Alámí mọ́ ojú ológbò pàápàá, gẹ́gẹ́ bí Gloom Stalker, irú ọdẹ kan nínú eré yìí, ṣe ń ṣe. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, níbikíbi tí a bá wọ̀, ohun tí àbúrò mi máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ pa iná." Wọ́n á pa á. Ẹni tó ń ṣe ènìyàn lásán láàárín wọn kò ríran mọ́, ó kàn jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Sátidé méjì gbáko la fi ń pa iná. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹlẹ́pà ní bí a bá tún pa iná lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé lòun ń lọ. N kò bá a jiyàn.

Mo wá ní kó máa ná owó òjìji, mẹ́ta lóòjọ́. Ìṣirò pọ̀ ju eré lọ. Mo fa ìwé yẹn ya.

Bàbá onílé wa ló tú u, àwọn tí n kò rò pé wọ́n tilẹ̀ ń gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lọ oko òru. Wọ́n wá sọ fún wa pé ariwo wa pọ̀ jù. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n bi mí léèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀, mo sì ṣàlàyé débi tí mo lè ṣe é dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ta ló sọ fún ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí pé òkùnkùn ló ń fi ọdẹ pamọ́? Ṣé ẹran kì í ríran lóru ni? Ó ríran jù yín lọ." Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí wọn, níbi tí wọ́n máa ń so àtùpà kábáàdì mọ́. "Iná yìí ló ń rí. Ojú rẹ̀ á máa tàn yanran, á dúró, á máa wò ó. Ẹ̀yìn iná lèmi wà."

Ojú ń tì mí. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń wá ọ̀nà láti fi òkùnkùn kún òkùnkùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo tún un kọ. Àfẹ́ẹ̀rí kò nílò òkùnkùn mọ́. Bí iná bá wà láàárín Alámí àti ẹni tó ń wò ó, tí Alámí kò sì jìnnà sí iná náà ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, ó lè sápamọ́, ìbáà jẹ́ ojú ológbò ni onítọ̀hún ní. Bó bá ti ṣá ẹnikẹ́ni, ó ti hàn. Bí iná bá kú, ó ti hàn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó sì ṣiṣẹ́ ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹlẹ́pà ló ń gbé àtùpà báyìí, gbogbo wọn ń ṣọ́ ọ bí ẹyin, àwọn egbére sì ti ń kọ́kọ́ ju òkúta lu àtùpà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi níbí: kò sí ìkankan irú rẹ̀ nínú ojú ìwé 12 tí mo fi owó oúnjẹ rà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn ọ̀tá yín lè rí kí ẹ tó fún akọni ní agbára ìsápamọ́ kankan. Ẹ má sì gbé Word lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, PDF ni kí ẹ gbé lọ. Gbogbo àmì orí "Àfẹ́ẹ̀rí" ló di àpótí kéékèèké lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ̀dà márùn-ún, wọ́n sì gba owó wọn pé. Mo padà lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo sì tún sanwó.

Bàbá onílé ti ní kí n ka ìwé náà fún àwọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n wá bi mí pé níbo ni Alámí ti ń rí kábáàdì rà, nítorí pé ó ti wọ́n báyìí. Mo ti fi kún àtẹ ohun èlò: owó fàdákà 2 fún alẹ́ kan. Àbúrò mi ní ó ti pọ̀ jù.