Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́síréè àti Síkáànù Wá Àìsàn Ọ̀nà Ìtọ̀ Lára Ológbò

Kí a tó gbé ológbò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ kankan, kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìtọ̀ ń jáde tàbí kò jáde rárá. Bí akọ ológbò bá ń lóṣòó léraléra, tó ń ké, tí kò sì sí ìtọ̀ nílẹ̀, kí dókítà ẹranko fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ wò jẹ́jẹ́. Bí àpò ìtọ̀ bá le gbagidi bí ọsàn, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ó lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí èròjà iyọ̀ kan, potassium, tó ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń da lílù ọkàn rú. Ìtọ́jú ló ṣáájú. Àwòrán lè dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a ya ẹ́síréè, ọ̀kan ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀, èkejì ní ìfẹ̀yìnlélẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni àwòrán tí wọ́n gé sí ìbàdí, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú kíndìnrín títí dé ẹ̀yìn ìdí, nítorí inú okó, níbi tí ọ̀nà ìtọ̀ ti tóóró jù, ni òkúta tó dì láti inú ìtọ̀ sábà máa ń há sí. Ìgbẹ́ tó kún inú ìfun lè bo òkúta mọ́lẹ̀. A lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìfun náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn tó ní phosphate fọ̀ ọ́, nítorí ó lè pa ológbò.

Òkúta struvite àti ti calcium oxalate, tí wọ́n wọ́pọ̀ jù lọ, máa ń hàn funfun. Ti urate sábà máa ń sá pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò tó mílímítà 2 lè má hàn rárá. Bí kíndìnrín kan bá sún kì, tí èkejì sì wú, kí a fura pé nǹkan há sí ojú ọ̀nà tó ti kíndìnrín wọ àpò ìtọ̀.

Síkáànù, tó ń fi ìró ya àwòrán, máa ń fi ohun tí ẹ́síréè kò rí hàn. Kí a fá irun ikùn, kí ìtọ̀ díẹ̀ sì wà nínú àpò náà, nítorí ògiri àpò tó ṣófo máa ń nípọn jù lójú ẹ̀rọ. Òkúta a tàn yanran, òjìji dúdú a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá yí ológbò náà padà, òkúta àti iyanrìn a yí wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kókó tó hù lára ògiri kò ní kúrò lójú kan. Ọ̀rá lásán ló sábà máa ń jẹ́ àwọn ohun wínníwínní tó léfòó nínú ìtọ̀ ológbò, kí wọ́n má dẹ́rù bà wá. Síkáànù kò lè ríran kọjá egungun ìbàdí, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gba ipò ẹ́síréè.

Bí a bá fura pé àpò ìtọ̀ ti bẹ́, kí a gba inú rọ́bà tí a kì bọ ọ̀nà ìtọ̀ fi oògùn aláyodíìnì, tó máa ń hàn funfun lójú ẹ́síréè, sí i, kí a sì tún ẹ́síréè yà. Bí oògùn náà bá tàn ká inú ikùn, ó ti bẹ́ lóòótọ́.

Lára ọ̀pọ̀ ológbò tí kò tíì dàgbà púpọ̀, gbogbo àwòrán yìí lè mọ́ láìsí òkúta kankan, kó jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ló kàn wú láìsí okùnfà tí a lè tọ́ka sí. Irú wọn kì í sábà ní kòkòrò bakitéríà nínú ìtọ̀, nítorí náà kí a fi síkáànù darí abẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ díẹ̀, kí láàbù yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó kọ oògùn apakòkòrò fún un.