Ológbò yín àti dókítà ẹranko ní England: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kí àìsàn tó dé

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba kọ́kọ́ máa ń bi ni pé ṣé NHS, ètò ìlera ìjọba, á tọ́jú ológbò àwọn. Rárá o. Ti èèyàn ni NHS. Dókítà ẹranko ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ni ẹran ló sì ń san án. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí ológbò bá dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ilé ìwòsàn. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ yín gan-an. Ẹ wò ó bóyá MRCVS wà lẹ́yìn orúkọ dókítà náà, torí àmì ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìyẹn.

Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin England ni pé ológbò ilé gbọ́dọ̀ ti ní microchip kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Kò ju hóró ìrẹsì lọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń tì í sábẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ láìṣe é ní ọjọ́ 21 láti fi ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn lè tó £500. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n rò pé microchip á máa fi ibi tí ológbò wà hàn. Nọ́ńbà lásán ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wá fóònù ẹni tó ni ológbò náà. Bẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé tẹ́ ẹ sì pààrọ̀ fóònù láì sọ fún ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú nọ́ńbà náà, fóònù àtijọ́ ni wọ́n á máa pè. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì lẹ ti gba ológbò, ẹ rí i pé wọ́n ti yí i sórúkọ yín.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 9, ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, lẹ́yìn náà ni ti ọdọọdún. Ológbò tí kì í jáde náà nílò rẹ̀, nítorí kòkòrò panleukopenia, àìsàn kan tó ń pa ológbò, lè bá bàtà yín wọlé. Láti bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ.

Inṣọ́ránsì ẹran kì í sanwó abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àìsàn òjijì ló wà fún, kì í sì í sábà san ti àìsàn tó ti wà kẹ́ ẹ tó ra inṣọ́ránsì náà. Ikọ́ kan péré tí dókítà ti kọ sínú ìwé lè bà á jẹ́, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ rà á nígbà tí ara ológbò ṣì le. Àwọn inṣọ́ránsì kan ń dáwọ́ ìsanwó àìsàn kan dúró lẹ́yìn oṣù 12. Fún àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ, èyí tó ń bá a lọ títí ayé ló wúlò. Àwọn àjọ aláàánú tó ń tọ́jú ẹran, bíi PDSA, ń ran ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba lọ́wọ́, ṣùgbọ́n físà ọ̀pọ̀ nínú wa kò fàyè gba owó yẹn, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ológbò akọ tó ń wọ àpótí iyanrìn léraléra, tó lóṣòó, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde ju ẹ̀kán kan lọ, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí. Àwọn kan máa ń rò pé ìgbẹ́ ló há a, wọ́n á fún un ní òróró. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Májèlé inú ìtọ̀ ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró kí ọjọ́ méjì tó pé. Ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òru ni o, ọ̀sán ni o; bí wọ́n bá ti tìlẹ̀kùn, ohùn orí fóònù á sọ ibi tó ṣí fún yín. Owó òru ga ju ti ọ̀sán lọ, àmọ́ èyí kì í ṣe ohun tó lè dọ̀la.

Ẹ má fún ológbò ní paracetamol láéláé, kódà ìdajì hóró. Ẹdọ̀ rẹ̀ kò lè tú u palẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní lè gbé atẹ́gùn mọ́. Oògùn yọ̀rọ̀ ti ajá tó ní permethrin náà ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó lílì, títí kan lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó bá fi ahọ́n lá kúrò lára irun. Bó bá ti fẹnu kan ọ̀kan, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ mú páálí oògùn náà tàbí ewé òdòdó yẹn dání, kẹ́ ẹ sì sọ aago tó jẹ ẹ́ àti bó ṣe wúwo tó fún ẹni tó bá gbé fóònù.