Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka bákóòdù ẹrù yín lójú yín

Ẹ̀yin tá a jọ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tá a fi ń tọpa ẹrù kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹrù ti dé ọwọ́ àwọn tó máa gbé e. Látìgbà tẹ́ ẹ ti tẹ lébẹ́ẹ̀lì jáde ló ti wà. Tí wọn ò bá fi ẹ̀rọ ka bákóòdù náà (àwọn ilà dúdú tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì) ní káńtà, "a ń retí ẹrù" ni ìkànnì á máa sọ ṣáá. Ẹrù mi kan sọnù báyẹn, mi ò sì rí nǹkan kan fi hàn pé mo kó o sílẹ̀.

Ẹ dúró kí wọ́n kà á, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì tó ní déètì àti ìwọ̀n ẹrù, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ (íǹkì wọn kì í pẹ́ ṣá).

Ti òkè òkun: lẹ́tà 2, díjíìtì 9, lẹ́tà 2 tó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tó ti wá ni nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ "O" láàárín, òdo ni. Tí ìròyìn bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹrù kúrò nílùú, ẹ tẹ nọ́ńbà kan náà sórí ìkànnì ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí tèmi.

Tó bá sọnù pátápátá, ẹ tètè fẹjọ́ sùn níbi tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́. Oṣù 6 péré ni wọ́n fi ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.