Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwo òfuurufú brown dwarf tó tutù

Ẹ̀yin ọmọ físíìsì tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta, ẹ má gbé tẹlisíkóòpù gun Òkè Olúmọ tìtorí brown dwarf tó tutù, ohun ojú ọ̀run tó wúwo ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ ṣùgbọ́n tí kò wúwo tó láti máa jó bí ìràwọ̀. Ẹ kò ní rí i.

Ẹ wo WISE 0855, ọ̀kan nínú wọn, tí onímọ̀ ìràwọ̀ Kevin Luhman kéde lọ́dún 2014. Kò jìnnà sí wa ju nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 7.4 lọ, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò kọjá nǹkan bíi 285 K, ìyẹn 12°C. Òru ọyẹ́ pàápàá nílùú wa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ! Infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, ló fi ń tàn, pàápàá níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ti gùn tó máíkírọ́ọ̀nù 4 sí 5. Afẹ́fẹ́ orí wa, òrùlé páànù àti irin tẹlisíkóòpù fúnra rẹ̀ náà ń tàn níbẹ̀: bí ẹni ń wá iná fìtílà lọ́sàn-án gangan ni. Tẹlisíkóòpù ńlá Gemini North rí i díẹ̀, ṣùgbọ́n orí òkè Mauna Kea ní Hawaii ló wà, ní nǹkan bíi mítà 4,200, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Tẹlisíkóòpù James Webb ní tiẹ̀ wà lójú òfuurufú lẹ́yìn àtíbàbà tó ń gba oòrùn dúró. Dátà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni kí ẹ fi ṣe project yín.

Ẹ má lo àdírẹ́sì àtijọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti rí i lójú ọ̀run tẹ́lẹ̀. WISE 0855 ń rìn ju arcsecond 8 lọ lọ́dún kan (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígírì kan), èyí tó pọ̀ gan-an lójú ọ̀run.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn fi ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo ṣàlàyé gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ tí ojú á dúró lé. Níbi tí gáàsì methane àti oruku omi bá ti dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, òkè nìkan là ń rí. Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣí, a ó rí ìsàlẹ̀ tó gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì kì í dúró sójú kan. Nínú òtútù bíi ti Gliese 229B, brown dwarf mìíràn, ó yẹ kí carbon ti di methane tán, síbẹ̀ wọ́n bá carbon monoxide níbẹ̀, gáàsì apani inú èéfín jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ìsàlẹ̀ gbígbóná ló ti ń ru gòkè, kò sì rí àyè yí padà kó tó dé òkè. Ẹni tó bá fi mọ́dẹ́ẹ̀lì tí kò ka ìrusókè yìí sí wò ó á gba ìdáhùn òdì.

Gáàsì phosphine ńkọ́? Júpítà ní in, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ brown dwarf tí a retí rẹ̀, kò fojú hàn. Inú brown dwarf Wolf 1130C ni wọ́n ti rí i kedere, lọ́dún 2025. Ẹ má fi sínú àbájáde yín tìtorí pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì tètè yọ ibi tí dátà kò ti bá mọ́dẹ́ẹ̀lì mu kúrò. Lọ́dún 2024, onímọ̀ ìràwọ̀ Jackie Faherty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé methane inú brown dwarf W1935 ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde dípò kó máa gbé e mì. Kò sí ìràwọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè mú un gbóná, wọ́n sì rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aurora, irú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tó máa ń tàn lójú ọ̀run nítòsí òpin ayé ní àríwá àti gúúsù. Wọn ì bá ti sọ gbogbo ìyẹn nù ká ní àṣìṣe dátà ni wọ́n pè é.