Géèjì tí a fi ń mú kabúrétọ̀ alùpùpù dọ́gba: bí a ṣe ń yàn án àti bí a ṣe ń lò ó

Mo tún Honda CB750 kan ṣe rí ní Ṣómólú. Kabúrétọ̀ mẹ́rin, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló wà lára rẹ̀. Mo fọ gbogbo wọn, mo pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, síbẹ̀ tí ẹni tó ni ín bá ti gbé e gun Third Mainland, ọwọ́ rẹ̀ á kú tipiri nítorí bí alùpùpù náà ṣe ń gbọ̀n. Mo so géèjì tòkunbọ̀ tí mo rà ní Ládípọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ń wọn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó, mo yí sikírúù títí abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba gẹ́lẹ́. Ó tún wá ń gbọ̀n jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀ kí n tó rántí yẹ géèjì náà fúnra rẹ̀ wò: méjì nínú mẹ́rin ló ń parọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí ẹ tó náwó nìyí. Kò pọn dandan kí géèjì yìí mọ iye gan-an. Ohun tó pọn dandan ni kí gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa sọ ohun kan náà nígbà tí ohun kan náà bá ń fà wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ló nílò rẹ̀. Irú Bajaj Boxer tó kún ìgboro, kabúrétọ̀ ẹyọ kan ló ní, kò sí èkejì tí yóò bá dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti mú kabúrétọ̀ ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ dọ́gba, ẹ fi owó yín sápò. Alùpùpù ńlá onísìlíńdà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní kabúrétọ̀ tirẹ̀, ni iṣẹ́ yìí wà fún.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mákòkó rí á mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹni méjì bá ń tukọ̀, tí ọ̀kan ń fi gbogbo agbára wà á, tí èkejì kàn ń fi àjẹ̀ kan omi lórí. Ọkọ̀ náà á máa ṣe ségesège. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì. Nínú kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tó ń ṣí tí a bá lọ́ ọwọ́ alùpùpù. Bí ti ọ̀kan bá ṣí ju ti èkejì lọ, sìlíńdà rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ jù, èyí tó kù á máa wọ́ tẹ̀lé e. Písítìnì tó bá ń lọ sísàlẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi sìtírọ́ọ̀ fa sóbò. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣe há tó ni ìfà náà ṣe ń le tó. Ìfà yẹn ni géèjì ń wọ̀n.

Èwo ni kí ẹ rà?

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni alábẹ́rẹ́, méjì tàbí mẹ́rin nínú àpótí kan. Ó rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Èkejì ni onígi irin, bíi Carbtune, níbi tí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gòkè nínú ihò rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò ní abẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti àtijọ́, tí mákúrì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á, kódà kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Májèlé ni mákúrì, èéfín rẹ̀ kò ṣe é rí bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn, ẹ́ńjìnnì sì lè fà á mu lójijì.

Ẹni tí owó kò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe tirẹ̀. Ẹ ra họ́ọ̀sì funfun tí a lè rí inú rẹ̀, bíi mítà mẹ́rin, ẹ kàn án mọ́ pákó gígùn ní ìrísí U, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ so etí méjèèjì mọ́ sìlíńdà méjì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fà jù ni ọ́ìlì á gùn lọ. Ẹ máa ṣọ́ ọ o: ìyàtọ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 péré nínú mákúrì á tó bíi 15 nínú ọ́ìlì. Bí ìfà kabúrétọ̀ méjèèjì bá yàtọ̀ síra púpọ̀, ọ́ìlì lè bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́bàá kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹ bá ń ra alábẹ́rẹ́, ẹ mú síríǹjì ńlá dání lọ sọ́jà. Ẹ fi síríǹjì fa họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìka tẹ họ́ọ̀sì náà pa. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró síbi tó wà. Tó bá ń rọra padà, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, kó padà sí 0. Ẹ tún wò ó bóyá họ́ọ̀sì rẹ̀ ní ohun kékeré tó ń dín ìgbọ̀n abẹ́rẹ́ kù. Láìsí ìyẹn, abẹ́rẹ́ á máa jó débi pé ẹ ò ní rí nǹkan kan kà.

Nílé, ẹ dán wọn wò lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ so géèjì àkọ́kọ́ mọ́ sìlíńdà kan ṣoṣo, kí ẹ kọ iye tó sọ sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ so èkejì mọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, títí dórí ìkẹrin. Bí ọ̀kan bá fi 1 ju àwọn yòókù lọ, ẹ fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ máa yọ 1 náà kúrò nínú iye tó bá sọ nígbà gbogbo. Ohun tí n kò ṣe nìyí tó fi gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sikírúù

Géèjì kò lè wo àìsàn mìíràn sàn. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé àlàfo fáàfù pé bí ìwé alùpùpù ṣe sọ, pé pulọ́ọ̀gì dára, pé fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ ó sì wà ní àyè rẹ̀, pé rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì kò sán. Rọ́bà yìí ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, nítorí oòrùn Èkó máa ń mú kó gbẹ kó sì là.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín sàìlẹ́ńsà tó ń pa èèyàn sínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, òun náà ló ń jáde níbí. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí.

Iṣẹ́ gan-an

Ẹ gun alùpùpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná dáadáa. Ẹ gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ àárín, ẹ yọ táǹkì, kí ẹ fi ike epo kékeré kọ́ sókè kó máa fún kabúrétọ̀ lépo. Bí táǹkì yín bá ní họ́ọ̀sì tó ń lo ìfà láti ṣí epo, ẹ dí etí họ́ọ̀sì náà tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé fáànù ńlá síwájú ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù.

Láàárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí sikírúù kékeré tàbí fìlà rọ́bà lójú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ wọ́n, ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi sílóò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí a kò lọ́ ọwọ́, sí iye tí ìwé sọ. Láàárín ìyípo 1,000 sí 1,200 ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ máa ń wà.

Ẹ wá sikírúù tó so kabúrétọ̀ kan mọ́ èkejì. Kì í ṣe sikírúù tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣì wọ́n mú, tí ẹ́ńjìnnì kò sì ṣeé tíúnù mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin, èyí tó wà láàárín ìkíní àti ìkejì la ń kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà èyí tó wà láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, kí a tó fi ti àárín mú apá méjèèjì pàdé. Àwọn kan ní kabúrétọ̀ kan tí kò ní sikírúù rárá, tí gbogbo àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ìwé rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ká máa yí i, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ dúró kí abẹ́rẹ́ fìdí kalẹ̀ kí ẹ tó kà á. Bí wọ́n bá ń súnmọ́ra, etí yín á gbọ́ ọ ṣáájú ojú: ìró tó ń ta kókó tẹ́lẹ̀ á máa jọ̀lọ̀, sílóò á sì gòkè fúnra rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi kì í wo géèjì mọ́ nígbà yẹn, á kàn ní, “Ọ̀gá, ó ti ń dùn.” Ẹ dá sílóò padà sí iye rẹ̀, kí ẹ tún kà á. Ọ̀pọ̀ ìwé gbà kí ìyàtọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 ti mákúrì, ṣùgbọ́n èmi kì í fi í sílẹ̀ tó bá ju 1 lọ. Tí iṣẹ́ náà bá ń pẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kó sinmi.

Ẹ di nọ́ọ̀tì sikírúù, kí ẹ tún ka géèjì lẹ́yìn tí ẹ dì í, nítorí dídì náà máa ń sún un. Ẹ dá gbogbo sikírúù kékeré àti fìlà rọ́bà padà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, sìlíńdà yẹn á máa fa afẹ́fẹ́ jù, á sì gbóná jù.

CB750 ọjọ́ yẹn, mo tún un ṣe pẹ̀lú géèjì tí mo ti yẹ̀ wò. Ẹni tó ni ín gbé e kọjá Third Mainland, ó pè mí láti Adéníji. Ó ní láti ìgbà tí òun ti rà á, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ rí ojú awakọ̀ dánfó tó wà lẹ́yìn òun kedere nínú dígí.